Iyọ̀ Afùwàpẹ́, Owó Afùwàpẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ má sá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé mi mọ̀ pé ẹ̀yìn ibùdókọ̀ Pleasure ni mò ń gbé, lójú títì Abẹ́òkúta. Orí ẹní ni mo máa ń wà láràárọ̀ tí màá ti máa gbọ́ ohùn àwọn kọ̀ńdọ́: "Pleasure, Òkè-Odò, Ilé-Epo, Abúlé-Ẹ̀gbá!" Ẹni tí kò gbọ́ èdè òyìnbó á rò pé orúkọ baálẹ̀ kan ni. Ìgbádùn ni wọ́n ń pè o! Wọ́n ń pe ìgbádùn lé àwọn èrò inú dáńfó lórí, gbogbo wọn fajú ro, ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń wọlé kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, ọmọkùnrin kan mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti mọ màmá yẹn tipẹ́. Ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí àti edé ni wọ́n ń tà lọ́jà Òkè-Odò. Ọmọ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà. Bí wọ́n ṣe wọlé ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti jà lójú ọ̀nà, nítorí màmá jókòó sápá ibí, ọmọ jókòó sápá ọ̀hún, àga tó wà láàárín wọn ṣófo.

Ọmọ ò jẹ́ kí n kí wọn tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi màmá mi. Kí ni wọ́n ń tọ́jú owó dè?"

Ó wá ń ka ẹjọ́. Ó ní ó ti lé ní 30 ọdún tí màmá ti ń dájọ lójoojúmọ́, wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ. Wọ́n lówó ní báńkì, wọ́n lówó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọjà, òun ò tilẹ̀ mọ iye rẹ̀. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ ni màmá fi ń rìn láti Pleasure dé Òkè-Odò kí wọ́n má baà san owó mọ́tò, pẹ̀lú orúnkún tó wú bíi gbòǹgbò iṣu. Dókítà ti kọ ìwé fún wọn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé kí wọ́n lọ ya ẹ́síréè. Wọ́n ká ìwé náà sínú báàgì. Wọ́n ní owó ọjọ́ ogbó àwọn ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọmọ ní, "Bàbá, màmá mi ti pé 66. Ìgbà wo ni ogbó yẹn fẹ́ dé?"

Mo wo ẹsẹ̀ màmá. Sílípáàsì kan ni wọ́n wọ̀, wáyà ni wọ́n fi so okùn ẹ̀.

Màmá ò wò mí, ọmọ wọn ni wọ́n kọjú sí. "Ìwọ tí o ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kí lo ní? Fóònù. Owó-oṣù ẹ kì í rí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, aṣọ ẹgbẹ́. Tí wọ́n bá yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó ẹ, ìbínú ló o fi ń bọ̀ wálé." Ìgbà yẹn ni wọ́n wá yíjú sí mi. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Bàbá, ìyá tó bí mi, owó ọṣẹ ló ń tọrọ lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀ kó tó kú. Owó ọṣẹ! Wọ́n á ní ṣèbí wọ́n ra ọṣẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú mi ló ṣe. Mo ti bá orí mi sọ ọ́ pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí mi."

Ọmọ dákẹ́. Mo rò pé kò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

Èmi náà dákẹ́, nítorí kì í ṣe ẹni tó yẹ kó tètè dájọ́ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, owó ń wọlé. Ẹni tí Ifá bá gbè á mú màlúù wá, á mú ọtí wá, á lẹ owó mọ́ awo lórí. Mo ná an. Mo jẹun, mo fún ènìyàn jẹ, mo gba onílù wálé níjọ́ tí kò sí ọdún. A máa ń wí láàárín ara wa pé babaláwo kì í fẹ̀yìn tì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń pé 60 ọdún lókè eèpẹ̀ tàbí 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n á ní ó dàbọ̀. Awo ṣì ń difá títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mo gba èyí gbọ́ títí di alẹ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba sé Èkó mọ́lé nítorí kòrónà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pe ọmọ mi obìnrin ní Ìbàdàn pé kó fi 5,000 náírà ránṣẹ́ sí mi ra gààrí. Ó fi 10,000 ránṣẹ́. Èyí tó fi lé e gan-an ló dùn mí jù, nítorí mo mọ̀ pé òun náà ò ní. Ojú awo ń fẹ̀yìn tì o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Orúnkún awo ń fẹ̀yìn tì.

Mo ní kí màmá mú owó kan, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn sí i jẹ́jẹ́, kí n má gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ pẹ́. Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Odù tó jáde, tiwọn ni, mi ò ní gbé e síta níbí. Àwọn ọ̀dọ́ awo tó ń ya fọ́tò Odù oníbèéèrè kiri, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀. Ohun tí mo lè wí ni pé nígbà tí mo dìbò, ire ni, ire náà sì jẹ́ ire àìkú. Màmá mí kanlẹ̀. Mo wá sọ ìtàn Afùwàpẹ́ fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé. Mi ò ní kì í níbí, ìtàn rẹ̀ ni n ó sọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń lọ yan orí nílé Àjàlá kí wọ́n tó wá sáyé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà sílé bàbá ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àwọn méjì tẹ̀ síwájú. Afùwàpẹ́ ní òun ò lè kọjá láì rí bàbá òun. Ó yà. Wọ́n difá fún un níbẹ̀, wọ́n ní kó rúbọ, iyọ̀ àti owó ẹyọ. Ó kó wọn kalẹ̀. Àwọn awo mú apá kan ṣe ẹbọ, wọ́n kó apá kan padà fún un, wọ́n ní kó mú un dání lọ sọ́nà.

Ẹ fi ìka dé ibẹ̀ yẹn. A ó padà síbẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dé ilé Àjàlá ṣáájú, wọn ò bá a nílé. Wọn ò ní sùúrù. Wọ́n wọ ibi tó ń kó orí sí, wọ́n mú èyí tó tóbi tó sì ń dán lójú wọn. Orí tí kò jiná ni. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wáyé, òjò pa wọ́n, orí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, kò gbè wọ́n.

Ní ti Afùwàpẹ́, ó bá oníbodè kan tó ń se ọbẹ̀. Eérú ló ń dà sínú ọbẹ̀. Afùwàpẹ́ tú iyọ̀ rẹ̀, ó fi díẹ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò. Kò jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀! Inú rẹ̀ dùn, ó wá tú àṣírí fún un: Àjàlá wà nílé, òkè àjà ló sá sí nítorí gbèsè, kí Afùwàpẹ́ bá a san án. Nígbà tó débẹ̀, ó bá olówó tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ó ka owó ẹyọ fún un, olówó lọ. Àjàlá bọ́ sílẹ̀ láti orí àjà, ó dúpẹ́, ó fúnra rẹ̀ mú un wọlé lọ yan orí. Ó fi ọ̀pá irin gbá orí náà wò, orí náà dún gbọnmọ. Òjò pa Afùwàpẹ́ bó ṣe pa àwọn yòókù. Kò ṣe orí rẹ̀ ní nǹkan kan.

Àwọn awo kan ń wí pé ẹ̀kọ́ ìgbọràn sí bàbá àti ẹbọ rírú nìkan ló wà nínú ìtàn yìí. Mi ò bá wọn jà. Èmi kàn ń bi wọ́n pé: kí ló dé tí àwọn awo kò fi gba gbogbo iyọ̀ àti gbogbo owó náà? Kí ló dé tí wọ́n fi kó apá kan padà fún un? Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí. Iyọ̀ ni adùn. Afùwàpẹ́ ò gbé iyọ̀ rẹ̀ pamọ́ títí dé ilé Àjàlá. Ó tú u lójú ọ̀nà, ó fi sí ọbẹ̀, ó sì jókòó ti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Bó bá ti há a, kò ní mọ̀ pé Àjàlá wà lókè àjà. Ṣùgbọ́n iyọ̀ nìkan kò lè sọ Àjàlá kalẹ̀. Owó ló sọ ọ́ kalẹ̀. Ká ní ó ti ná owó náà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ojú ọ̀nà, bó ṣe ń gbọ́ ohùn Àjàlá lókè ni ì bá dúró nísàlẹ̀ tí ì bá máa wòkè.

Mo yíjú sí màmá, mo ní, "Màmá, iyọ̀ yín dà?" Mo yíjú sí ọmọ, mo ní, "Ìwọ, owó ẹ dà?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wí pé "jayé orí ẹ", ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ gidi lẹ ń sọ, ẹ kàn ń yára sọ ọ́ ni. Orí ẹ ni o ń jayé rẹ̀. Orí yẹn ní òwúrọ̀, ó ní ọ̀sán, ó ní alẹ́. Ẹni 25 ọdún tó o jẹ́ lónìí àti ẹni 70 ọdún tó o ń bọ̀ wá dà, orí kan náà ni wọ́n jọ ní. Tó o bá jẹ gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án, ara ẹ náà lo jà lólè.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa difá lọ́rọọrún. Àwọn náà ló dá èsúsú sílẹ̀, kó tó di pé báńkì kankan tẹ ilẹ̀ wa. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan wà, William Bascom, tó kọ ìwé ńlá kan lórí Ifá jáde ní 1969. Ní 1952 ó ti kọ̀wé lórí èsúsú. Mo fẹ́ràn pé ọkùnrin kan náà ló wo méjèèjì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó kọjá òkun gbé e dání débi pé ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ní Èkó níbí, tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé orí ẹnìkan pé, alájọ Ṣómólú ni wọ́n á fi í wé, ọkùnrin tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, tí kò kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀ tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn. Mọ́tò ni ìgbádùn, kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún sọ ìkejì, nítorí àwọn tó ń fi owó sínú àpótí. Owó ẹyọ tí a fi ń dìbò lónìí, tí à ń so mọ́ irúkẹ̀rẹ̀, owó tí wọ́n ń ná lọ́jà ni nígbà kan. Àwọn kan rì í mọ́lẹ̀ ní ìkòkò ìkòkò de ọjọ́ ogbó. Òyìnbó kó owó tirẹ̀ dé, ti inú ìkòkò di ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ní 1984, ìjọba ológun pa àwọ̀ náírà dà, ẹni tó kó owó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sáré kiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹ rántí bí a ṣe tò nídìí ATM nítorí owó tuntun. Ní 2015, dọ́là kan kò tó 200 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá 1,000. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wí pé òun tọ́jú owó, mo máa ń bi í pé, kí lo fi owó náà ṣe níbi tó wà? Ṣé ó ń bímọ, àbí ó ń rù? Ilẹ̀ tó níwèé, ọjà tí kì í bà jẹ́, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ, ìwọ̀nyí náà jẹ́ ìpamọ́.

Mo ṣe àlàyé fún ọmọ náà lórí owó tí wọ́n ń yọ tó ń dùn ún. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú 100 owó-oṣù rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ fi 10 lé e. Ẹni tó ń bínú sí 8 rẹ̀ gbàgbé pé 10 ẹlòmíràn ń tẹ̀lé e wọlé. Ó ní òun kò mọ̀ pé ti ọ̀gá ju tòun lọ. Mo ní kó lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san án, kó máa wo ìwé rẹ̀ lóòrèkóòrè. Èyí náà jẹ́ ìdáfá.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin awo bíi tèmi, ẹ̀yin awakọ̀, ìjọba dá tiwa sílẹ̀ ní 2019 lábẹ́ àjọ PenCom. Bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ nígbà náà, iye tó bá wù ọ́ lo máa dá, nígbà tọ́wọ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. 40 nínú 100 rẹ̀, o lè yọ ọ́ tí ìṣòro bá dé, 60 tó kù di ọjọ́ ogbó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé àwọn wọ̀nyí ti gbọ́ ìtàn Afùwàpẹ́ ni? Apá kan fún ọ̀nà, apá kan fún ibi tí à ń lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń wí nínú ikùn. Ẹni tí 70,000 náírà jẹ́ owó-oṣù rẹ̀, tó ń san owó ilé, tó ń san owó mọ́tò lọ bọ̀, kí ló fẹ́ pamọ́? Òótọ́ ni. Mi ò ní wàásù ìpamọ́ fún ẹni tí kò tíì jẹun. Ẹni yẹn, iṣẹ́ míì ni ká bá a wá, kì í ṣe kóló. Ẹni tó ń rówó ra aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù ni mò ń bá wí, òun náà sì mọ ara ẹ̀.

Ó wá kan ẹbọ. Iyọ̀ ni Ifá gbà lọ́wọ́ màmá, àti owó. Wọ́n san án kíákíá. Obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nítorí owó mọ́tò, tó bá di ti ẹbọ, kì í jáfara. Mo mú èyí tó jẹ́ ti ẹbọ. Mo ka èyí tó kù padà sí wọn lọ́wọ́. Mo ní kí iyọ̀ yẹn wọ inú ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́, kí wọ́n sè é lọ́jọ́ Àìkú, kí ọmọ wọn jókòó bá wọn jẹ ẹ́ tán kó tó jáde lọ ibikíbi. Owó náà, mo ní kí wọ́n fi wọ mọ́tò, kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ pẹ̀lú ìwé tó wà nínú báàgì.

Màmá wo owó ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹbọ nìyí?"

Mo ní, "Màmá, orúnkún yín ni ogbó. Ó ti wọlé, ẹ̀yin lẹ ò fún un ní àga."

Wọn ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n dìde, ọmọ nawọ́ sí wọn, wọ́n dì í mú. Mo rò pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dì í mú bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní kí n fi nọ́ńbà alájọ kan tó ṣeé gbọ́kàn lé ránṣẹ́ sóun. Màmá ní, "Alájọ kẹ̀? Tèmi ńkọ́?" Bí wọ́n ṣe ń jáde ni wọ́n tún ń jà, ṣùgbọ́n ìjà yẹn ò burú.

Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà kòrónà yẹn, ẹni tó bá fún mi lówó, mo máa ń pín in kí n tó dìde lórí ẹní. Kò tíì pọ̀. Onílù kì í wá sílé mi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àyàfi lọ́jọ́ ọdún Ifá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ bá mi sọ̀rọ̀ o.

Lánàá, fóònù mi dún. Màmá ni. Mo ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ti ya ẹ́síréè, dókítà ti kọ oògùn, wọ́n ní kí àwọn máa jókòó dáadáa, kí àwọn dín ìrìn kù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, mo ra bàtà."

Mo ní, "Ẹ kú ọrọ̀ ajé. Èló ni?"

Wọ́n sọ iye ẹ̀. Wọ́n ní ó wọ́n, pé ọmọ yẹn ló fa àwọn wọ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó rọ̀ lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó, màmá."

Wọ́n ní, "Àṣẹ o."